Ìlérí Ilé Òkú, Gbèsè Ni

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti bí a ṣe ń tajà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun tó yẹ kí a ṣe ni, nígbà tí ọ̀rẹ́ wa tí a jọ ń rà tí a jọ ń tà bá dágbére fáyé, tó sì fi ọmọ àti ẹbí sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí: bí a ṣe ń kí àwọn tó kù, àti ìlérí tí à ń ṣe fún wọn nígbà tí a bá ń kí wọn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá kú, ilé ẹ̀ kì í ṣófo. Àga á kún, ẹní á kún. Ẹni yìí á dìde, á ní, "Ẹ má bẹ̀rù, èmi ni màá máa sanwó iléèwé àbígbẹ̀yìn." Ẹni tọ̀hún á ní, "Ìsọ̀ ìyá yín ò ní tì, èmi ni màá máa kó ọjà síbẹ̀." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹnu tó sọ̀rọ̀ ti gbàgbé. Etí tó gbọ́ ọ ò gbàgbé o. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dàgbà.

Àwọn baba wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Àwa tí a bá ọ̀rẹ́ wa jẹ, tí a bá a mu, tí a bá a kó àǹkóò, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a kò ṣe ní yẹrí.

KÍKÍ ẸNI TÍ Ọ̀FỌ̀ ṢẸ̀

Ìkíni ò dọ́gba, nítorí pé ikú ò dọ́gba. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló kú, tó rí ọmọ, tó rí ọmọ ọmọ, a lè kí àwọn ọmọ ẹ̀ pé ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dára, ọmọ á sin àwa náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé lójú wa, ọ̀fọ̀ ni. A kì í kí ọlọ́fọ̀ pé ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á tù yín nínú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀, ọjọ́ á jìnnà síra. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wa, ká jókòó jẹ́ẹ́ ti ẹni náà, ká dì í lọ́wọ́ mú. Jíjókòó náà ìkíni ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu wa níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún abiyamọ tí ọmọ ẹ̀ kú pé yóò bí òmíràn. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti ń lálàá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí pé ẹ fura sí ẹnì kan. Ẹ má sì béèrè pé kó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn 50 bá wá, tí kálukú bá ní kó ròyìn, ìgbà 50 ni a ó mú kó tún sọ ọ́ o. Ẹnì kan nínú ẹbí ni kí a bi léèrè níta, kí òun ṣàlàyé fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mọ àkókò pẹ̀lú. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, bó bá kú láàárọ̀, ó lè jẹ́ pé kó tó dìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sin ín. Ẹni tó bá sọ pé òun á lọ lọ́la, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló kù fún un. Àwọn Kírísítẹ́nì mìíràn lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ìnáwó tiwọn máa ń pọ̀, ó sì máa ń pẹ́. Kí ẹgbẹ́ mọ èyí kó tó dá owó, kí owó má baà dé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ̀ ti dé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ńkọ́? Nígbà tí Jáfárù ọmọ Abú Tọ́líbù kú sójú ogun Mútà ní ọdún 629, Ànọ́bì Muhammad ní kí àwọn èèyàn se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárù, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ti gba gbogbo ọkàn wọn. Ẹ wo bí tiwa ṣe rí lónìí. Àwa la máa ń lọ jẹun nílé òkú, tí a ó tún máa béèrè ẹran! Opó tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta ni yóò máa ro ọbẹ̀ fún wa. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwa la ó gbé ìkòkò lọ. Ẹni tó ń ta ìrẹsì kó mú kọ́ńgò kan wá, ẹni tó ń ta ata kó mú ata, ẹni tó ń ta epo kó mú epo. Ká sè é nílé ẹnì kan nínú wa, ká gbé e lọ, ká fọ abọ́, ká gbálẹ̀, ká pọnmi sílẹ̀, ká tó wá sílé.

ÌDÍ TÍ ÌLÉRÍ ÒFÌFO FI BURÚ JU ÀÌSỌ̀RỌ̀ LỌ

Àwọn kan á ní, ṣebí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, kí ló wá burú níbẹ̀? Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìlérí máa ń dí ọ̀nà.

Ó ti ṣojú wa rí lọ́jà yìí. Ọmọ kan wà tí ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní kíláàsì tó ṣáájú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò WAEC. Ọ̀rẹ́ ìyá ẹ̀ dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun ni yóò san owó ìdánwò náà. Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí àbúrò bàbá ọmọ náà wá pé òun fẹ́ san án, ọmọ náà ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ má ṣèyọnu, ìyá kan ti gbà á." Àbúrò bàbá fi owó ẹ̀ ra irin òrùlé. Ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ dé, ìyá tó ṣèlérí ní ọjà ò yá. Kò purọ́, ọjà ò yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ lásìkò. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yẹn fi jókòó sílé.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká ní ìyá yẹn dákẹ́ ni, tó kàn sọ pé Ọlọ́run á tù yín nínú, owó àbúrò bàbá ni wọn ì bá fi san án. Ìlérí ẹ̀ ló lé olùrànlọ́wọ́ tòótọ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní ìlérí ilé òkú gbèsè ni, gbèsè tó sì ju gbèsè ọjà lọ. Ẹni tí a jẹ lówó ọjà lè wá sọ́dọ̀ wa wá sìn ín. Ọmọ òrukàn ò lè wá sin ìlérí. Ojú á máa tì í. Á máa gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá, á kúnlẹ̀, á kí wa, a ò ní mọ̀ pé ohun tó ń wò lójú wa ni ọ̀rọ̀ tí a sọ.

Àwọn tó ń ka Kùránì nínú wa lè jẹ́rìí pé nínú Súrà kẹtàdínlógún, ẹsẹ 34, ibì kan náà ni Ọlọ́run ti kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ kan dúkìá ọmọ òrukàn lọ́nà tí kò dára, tó sì tún kìlọ̀ pé ká mú àdéhùn ṣẹ, torí a ó béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló kó méjèèjì pọ̀.

ÌTÀN DÁFÍDÌ ÀTI ỌMỌ Ọ̀RẸ́ Ẹ̀

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ ìtàn Dáfídì àti Jónátánì, ó wà nínú àwọn ìwé Sámúẹ́lì. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Nígbà tí Jónátánì wà láyé, ó bá Dáfídì mulẹ̀ pé kó má ṣe dáwọ́ oore dúró lórí ilé òun láéláé. Nígbà tó yá, Jónátánì àti Sọ́ọ̀lù bàbá ẹ̀ kú sójú ogun lórí òkè Gílíbóà. Ọmọ ọdún 5 péré ni Méfíbóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì nígbà náà. Bí ìròyìn ikú ṣe délé, alágbàtọ́ gbé e sá lọ, ọmọ náà já bọ́, ó sì yarọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Ọdún gorí ọdún, Dáfídì ti jọba. Òun fúnra ẹ̀ ló béèrè ẹni tó ṣẹ́kù nílé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣe lóore nítorí Jónátánì. Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Lódébárì, ilé ẹlòmíràn ló ń gbé. Ó ránṣẹ́ pè é. Ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un. Ó ní kí Síbà, ìránṣẹ́ Sọ́ọ̀lù, tó ní ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20, máa bá a dáko ibẹ̀. Ó sì ní kí ọmọ náà máa bá òun jẹun nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ìkíní, Dáfídì ò dúró kí ọmọ náà wá tọrọ, òun ló wá a kàn. Ìkejì, ilẹ̀ ló fún un, ohun tó ń so, kì í ṣe owó tí yóò ná tán lọ́jọ́ kejì. Ìkẹta, ó dárúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, kò sọ pé "a ó máa wò ó".

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ò parí síbẹ̀. Nígbà tí Ábúsálómù dìtẹ̀, tí Dáfídì ń sá lọ, Síbà gbé oúnjẹ pàdé ẹ̀ lọ́nà, ó ní Méfíbóṣẹ́tì jókòó sílé, ó ń retí kí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ òun. Dáfídì ò béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, lójú ẹsẹ̀ ló gba gbogbo dúkìá ẹ̀, ó kó o fún Síbà. Nígbà tí ọba padà dé, Méfíbóṣẹ́tì jáde wá, kò tíì fọ ẹsẹ̀, kò gé irùngbọ̀n, kò fọ aṣọ láti ọjọ́ tí ọba ti lọ. Ó ní ìránṣẹ́ òun ló tan òun jẹ. Dáfídì wá ní kí àwọn méjèèjì pín ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Bí wọ́n bá wá sọ fún wa pé ọmọ ọ̀rẹ́ wa ń fi owó tí à ń fún un ṣòfò, ká má ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn kí a tó rí ọmọ náà, kí a tó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹni tó wá sọ ọ́ lè ní ohun tó ń wá. Ká sì tún rí i pé láìka gbogbo ìyẹn sí, nígbà tí àwọn ará Gíbíónì ní kí wọ́n fa ọkùnrin méje nínú ìran Sọ́ọ̀lù lé àwọn lọ́wọ́ láti pa, Dáfídì dá Méfíbóṣẹ́tì sí nítorí ìbúra tó wà láàárín òun àti Jónátánì. Ìlérí tí a bá pa mọ́ lè gba ẹ̀mí là lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

BÍ A ṢE Ń ṢÈLÉRÍ TÓ ṢEÉ MÚ ṢẸ

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó la ẹnu nílé òkú, kó bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mélòó ni? Ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò parí? Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi? Bí a ò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká kí wọn, ká dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ má sọ pé "màá máa bójú tó àwọn ọmọ yìí." Ẹ sọ pé, "Èmi ni màá ra bàtà àti aṣọ iléèwé fún àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án." Ìyẹn ṣeé ṣe. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ iléèwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún 6 títí dé kékeré gírámà ọdún 3. Nítorí náà, fún ọmọ tó wà níbẹ̀, ìwé, aṣọ, bàtà àti oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń dun àwọn tó kù. Bó bá ti dé àgbà gírámà, owó ìdánwò ni ká tètè máa rò.

Ìlérí àgbájọ sì dára ju ìlérí àdáṣe lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí àwa 10 bá dá N1,000 lóṣooṣù, N10,000 nìyẹn. Lọ́dún kan, ó di N120,000. Kò sí ẹni tó ni ín lára nínú wa. Bí ọjà ẹnì kan ò bá yá lóṣù kan, àwọn 9 tó kù á gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun nìkan ló máa gbé gbogbo ẹ̀, ọjọ́ tí ara ẹ̀ ò bá yá ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tó ṣèlérí, iye ẹ̀ àti ọjọ́ ẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí akápò máa pe orúkọ náà nípàdé bí a ṣe ń pe orúkọ fún owó oṣù. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń fò lọ, ìwé kì í fò.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé agbára ò gbé e mọ́, kí ẹni náà lọ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Kó má ránṣẹ́, kó má sì fi fóònù pe wọ́n kó gé e. Kó lọ jókòó, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ kò ní lè ṣeé ṣe lásìkò, ẹ bá mi wá ẹlòmíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí." Ọ̀nà tí a dí ni a fi ìyẹn ṣí.

IṢẸ́ ỌWỌ́ WA GẸ́GẸ́ BÍ ỌLỌ́JÀ

Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí ará ilé ò lè ṣe bí àwa ọlọ́jà ṣe lè ṣe é, ìyẹn ni pé ká bá ọmọ òkú gba ohun tó jẹ́ ti ìyá ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọjà tó wà nínú ìsọ̀. Tòmátò, ata àti ẹja tútù ò lè dúró de ìsìnkú. Kí èèyàn mẹ́ta jọ ṣí ìsọ̀ náà: ẹnì kan láti inú ẹbí, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́, aládùúgbò ìsọ̀ kan. Kí wọ́n ka ọjà náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú. Kí a ta èyí tó lè bàjẹ́ ní iye tó ń lọ lọ́jà, kí a ti ìyókù mọ́lé. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni, kí aṣojú ẹgbẹ́ tẹ̀ lé ẹbí lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ sọ fún wọn, kí ẹlòmíràn má baà gba ìsọ̀ náà mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ohun kejì ni gbèsè. Àwọn tí òkú jẹ lówó kì í pẹ́ yọjú. Àwọn tó jẹ òkú lówó ńkọ́? Ẹni tó gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa, tó wá ń bá àwọn ọmọ ẹ̀ sunkún láìdárúkọ gbèsè yẹn, kí ni ká ti pe ẹkún náà? Kí olúkúlùkù mú ohun tó jẹ wá láàárín ogójì ọjọ́, níwájú ẹlẹ́rìí. Àwọn tí òkú jẹ náà, kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, kí wọ́n fún àwọn ọmọ láyè. Gbèsè òkú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tó fi sílẹ̀ kí a tó pín ogún. Bẹ́ẹ̀ ló rí lábẹ́ òfin ìjọba, bẹ́ẹ̀ ló rí lábẹ́ òfin Mùsùlùmí.

Ohun kẹta ni àjọ àti èsúsú. Bó bá ń dá àjọ ojoojúmọ́, kí a wá káàdì ẹ̀, kí a gbé e lọ bá aláàjọ. Aláàjọ á mú owó ọjọ́ kan tó jẹ́ tiẹ̀, á kó ìyókù sílẹ̀. Ti èsúsú ló gba ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn 10 ń dá N20,000, tí ẹnì kan ń kó N200,000 lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀rẹ́ wa bá ti dá ìgbà 4, tí kò tíì kó, N80,000 ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, ti àwọn ọmọ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti kó lẹ́ẹ̀kejì, tó sì ti dá ìgbà 4, ó ku ìgbà 6, gbèsè N120,000 ni. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń dá a jókòó, bóyá kí wọ́n fi àyè ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ àgbà tó bá fẹ́ máa bá a lọ, tàbí kí wọ́n jọ gbé apá kan níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó lè fi ṣàánú òkú, èyí tó ìlérí.

Ohun kẹrin ni owó báńkì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú káàdì òkú tàbí fóònù ẹ̀ lọ gba owó, ìjà ẹbí ló máa ń tibẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ẹni tí a kọ orúkọ ẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báńkì pé òun ni next of kin ló jogún owó náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tí wọ́n máa kàn sí ni. Bí òkú ò bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn ẹbí gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ ní ẹ̀ka próbéètì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ kí báńkì tó dá wọn lóhùn. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ikú. Láti ọdún 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí a forúkọ ẹni tó kú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń kànìyàn. Bí ọ̀kan nínú wa tó mọ̀wé bá tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ṣe ju ẹni tó pa màlúù lọ.

LẸ́YÌN OGÓJÌ ỌJỌ́

Ọjọ́ tí ó nira jù nílé ọlọ́fọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ yẹn, ariwo pọ̀, èrò pọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ká ẹní, tí wọ́n bá dá àga oníyàá padà, tí ará oko bá ti lọ sóko, tí ará Èkó bá ti lọ sí Èkó. Ìgbà yẹn ni òkùnkùn ń ṣú gan-an. Nínú àwọn Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń ka ọjọ́ opó, kò lè máa jáde bó ṣe wù ú. Ta ló ń bá a ra ọjà? Ta ló ń bá a gba owó tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́?

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yan èèyàn méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Kí wọ́n lọ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kí wọ́n tún lọ ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, àti nígbà tó bá pé ọdún. Kí wọ́n mú ìwé ìlérí dání, kí wọ́n wo èyí tó ti ṣẹ àti èyí tó kù, kí wọ́n wá ròyìn nípàdé. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan mú lọ, kí wọ́n mú ẹsẹ̀ wọn lọ.

Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí fún yín, ẹ má ti torí ẹ̀ lé olùrànlọ́wọ́ mìíràn lọ títí ẹ ó fi rí i lọ́wọ́. Bí ìlérí bá sì pẹ́, kì í ṣe àfojúdi pé kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.

ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó JÍRÒRÒ LÉ LÓRÍ NÍPÀDÉ

1. Ìlérí wo ni ẹgbẹ́ wa ti ṣe fún àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wa tó ti kú, tí kò tíì ṣẹ? Ta ni yóò lọ rí wọn lọ́sẹ̀ yìí?

2. Ṣé káàdì àjọ wa, ìwé gbèsè wa àti orúkọ àwọn tó jẹ wá wà níbi tí ọmọ wa ti lè rí i bí a ò bá sí?

3. Iye wo ni kálukú wa lè dá lóṣooṣù láìni ara ẹ̀ lára?

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó lè kàwé ka èyí sí etí àwọn ìyá tí kò lè kà á. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí. Ẹ̀yìn àwọn tó ti lọ á dára. A ò ní fi ọmọ ara wa sílẹ̀ sójú títì. Àmín o.